Ẹjọ́ Kànga Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ ní ìlú ńlá yẹn. Eékún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo wà. Ìyá aránṣọ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má tún un ṣe.

O mọ̀ pé bíríkìlà ẹ̀gbẹ́ ilé wa mọ ògiri yí kànga ìyá rẹ ká, ó ní tòun ni. Adájọ́ kóòtù kékeré sì dá a láre. Mo mú agbẹ́kànga tó gbẹ́ ẹ lọ jẹ́rìí, adájọ́ ní etí rẹ̀ ti di, kó máa lọ sílé. Àwọn ènìyàn ní kí n gba kámú, pé kànga ò lè jí òkú dìde. Mo ní ta ló ní kó jí i? Omi rẹ̀ ni mo fẹ́ mu.

Lọ́yà tí mo gbà ní ká lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Mo bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń tì í, ó ní oṣù mẹ́ta. Irú ilẹ̀kùn wo nìyẹn?

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ aṣọ funfun fún agbẹ́kànga, mo ní kó pariwo dáadáa, mo sì gbé garawa omi kànga náà tí mo ti fà pamọ́ kí bíríkìlà tó mọ ògiri dání kí adájọ́ tọ́ ọ wò. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Mo rò pé ẹjọ́ náà ló wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè gbé lọ. Lọ́yà ní kí n gbé garawa sẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé wọn kì í gba ẹ̀rí tuntun níbẹ̀, ìwé tí akọ̀wé kóòtù àkọ́kọ́ kọ ni wọ́n ń kà, láti mọ̀ bóyá adájọ́ yẹn ṣi òfin lò. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Agbẹ́kànga sùn lọ. Mo dìde pé òpùrọ́ ni bíríkìlà, ọlọ́pàá ní kí bàbá jókòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní ó wà nínú ìwé pé adájọ́ lé ẹlẹ́rìí mi láì gbọ́ tẹnu rẹ̀, pé kò tọ́. Wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ náà, wọ́n ní kí adájọ́ mìíràn gbọ́ ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n lé mi padà ni, mo ti ń bú wọn kí lọ́yà tó ní a ti borí. Ìyá aránṣọ fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ èébú yẹn kúrò nínú lẹ́tà yìí, mo ní kó fi sílẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ló gbà wá, nítorí pé akọ̀wé kọ ọ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Mo wá ní kí lọ́yà ka ìwé náà sí mi létí látòkèdélẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ ò sí níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo rò pé gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló fa iyẹ̀pẹ̀ kànga náà sókè, agbọ̀n lẹ́yìn agbọ̀n, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà náà. Ìwọ lo ń da omi sí i lọ́wọ́.

Fi owó ọkọ̀ agbẹ́kànga ránṣẹ́, àti ti bàtà mi tó já. Tìrẹ, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá jẹ́rìí. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, ẹnu rẹ ò ní wọ́ nílé ẹjọ́. Bí o bá dé iwájú adájọ́, rọra máa sọ̀rọ̀, kí akọ̀wé lè rí gbogbo rẹ̀ kọ.

Èmi bàbá rẹ ni. Mo ti tẹ̀ka.