Orúkọ Mi Nínú Lẹ́tà Àbúrò Rẹ

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, ìyá ọmọ mi. Ọdún márùn-ún! Àga rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa, níbi tí o ti máa ń kọ gbogbo lẹ́tà iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, mo máa ń ní kó lọ wá àpótí.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ lónìí. Àbúrò rẹ ti kó mi nírìíra.

Nígbà ayé rẹ, lẹ́tà kan kì í jáde láìjẹ́ pé o kà á sétí gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ẹ̀. Tí o bá kọ ọ́ pé èmi àtìwọ ti parí iṣẹ́, wàá pè mí kúrò nídìí ayùn, wàá ní kí n fetí sílẹ̀, wàá sì bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo máa ń ráhùn nígbà náà. Ká ní mo mọ̀!

Nígbà tí o lọ, àbúrò rẹ gba kíkọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tó bá dára, "mo ṣe é" ló ń kọ, bí ẹni pé ọwọ́ mi ò kan ìṣó rí. Mo fara dà á nítorí rẹ. Ó wá lọ ra pákó tútù fún bẹ́ǹṣì ilé ìwé kan. Mo ní pákó yẹn ò tíì gbẹ, kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ ló kàn án. Bẹ́ǹṣì ṣẹ́ lábẹ́ tíṣà, apá obìnrin náà sì kán.

Ìgbà yẹn ló wá rántí pé a pé méjì o! "Èmi àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, a jọ yan pákó náà." Ó fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí ilé ìwé, kò kà á sétí mi. Orúkọ tí mo fi gbogbo ayé mi tọ́jú! Ìríra gbáà!

Ilé ìwé pe èmi àti àbúrò rẹ. Ọmọ wa tẹ̀lé mi, ọmọ tó ti ga jù mí lọ báyìí. Ó kí àbúrò rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá mú lẹ́tà náà lórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé, ó nà án sí i.

"Ọ̀ǹkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sétí Dádì."

Àbúrò rẹ ka "Èmi àti", ó wojú mi, ó sì dá lẹ́tà náà padà sórí tábìlì. Kò lè kà á síwájú. Ó yé ọ̀gá ilé ìwé pé èmi kọ́ ni mo yan pákó náà.

Mo tún gbogbo bẹ́ǹṣì náà kàn pẹ̀lú pákó gbígbẹ. Apá tíṣà ti jinná. Àbúrò rẹ ti kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ, ọmọ wa ló ń kọ lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò rẹ ránṣẹ́ pé ká fi orúkọ òun sí ìwé ìrántí yìí. Mo ní kó wá gbọ́ ọ ná. Kò wá.

Nítorí náà, àwa méjì péré ni: èmi àti ọmọ wa, a ṣì ń ṣàárò rẹ, a ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ó ti kà á sétí mi, mo ní òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àga rẹ, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìwọ náà wà nínú ẹ̀.