Ọkùnrin Tí Kò Ní Kí N Dìde

Ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ènìyàn ṣe ń kí ilé tó tilẹ̀kùn, tó sì mọ̀ pé onílé wà nínú ilé. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ńkọ́, ṣé awọ tuntun ti ń bò ó? Ọlọ́run tó fún ọ lọ́wọ́ kò ní gbà á padà ní ìdajì. Ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ kò ní rí ibi dúró sí wò ó. Bí o kò bá ṣe àmín, èmi ti bá ọ ṣe é.

A wà bí a ṣe wà. Bàbá rẹ ṣì ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń jáde sẹ́nu ọ̀nà láti bá àwọn tó ń kọjá jiyàn, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Òrùlé ibi ìdáná tún ti ń jò. Oní-ṣájà, ọkùnrin tó ń bá wa fi iná sí fóònù ní ìkóríta, ní kí n kí ọ. Òun ló kọ́ mi bí n ó ṣe máa pè ọ́, mo sì ń pè ọ́ láràárọ̀. Á dún, á dún, á dákẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù náà ni kò tíì jẹun yó, mo bá gbé e padà fún un. Ó ní fóònù kò ṣe nǹkan kan, ẹni tí mò ń pè ni kò gbé e. Mo ní kì í ṣe ọmọ tèmi.

Nígbà tí o wálé lásìkò ìsinmi, o mú ọ̀pá irin yẹn jáde nínú àpò, o tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, o sì ń nù ún bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ jòjòló. O ní inú rẹ̀ ni iná ń jó tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ yín nílé ìwé fi ń lọ sókè. Mo béèrè pé ta ló ń gbé lókè tí ẹ ń ránṣẹ́ sí. O ní kò sẹ́ni kankan, yóò lọ ni, yóò sì padà wálẹ̀. Ó dùn mí pé a ń san owó ilé ìwé kí ọmọ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán nǹkan lọ síbi tí kò sẹ́ni kankan.

Lẹ́yìn náà lo fi àwọn òrùka rọ́bà hàn mí. O ní irin la ń lò ní àlòtúnlò, ohun tó ń jó nínú rẹ̀ la ń rà ní tuntun, àti òrùka rọ́bà tó ń dí ìdérí òkè àti ti ìsàlẹ̀ kí iná má baà rí àyè jáde níbi tí kò yẹ. O fi gírísì pa wọ́n lára, o ń fi èékánná wá ibi tó bá ti sán. Èyí tó ti bá iná pàdé rí, o jù ú nù. Mo ní àpà ni ọ́, wáṣà, rọ́bà inú ẹ̀rọ omi wa, ti wà níbẹ̀ kí n tó bí ọ. O ní, Màmá, omi ló ń kọjá níbẹ̀, iná kọ́. Rọ́bà tó bá ti rí iná yẹn lẹ́ẹ̀kan ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. O ní bí àyè tó tó irun orí bá ṣẹ́kù, iná á gba ibẹ̀, á jẹ irin, ìdérí á sì fò bí ọta ìbọn. Mo rò pé o kàn ń dẹ́rù bà mí kí n má baà fi ọ̀pá náà kó ṣíbí sí ni. Gírísì tó kù nínú agolo, èmi ni mo fi pa ìgbọ̀nwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ dán, aṣọ bàjẹ́.

Ọjọ́ tí o pè láti ilé ìwòsàn lo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O ní bí o ṣe ń to ẹ̀rọ náà, o rí i pé òrùka rọ́bà ìdérí òkè ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti rí iná rí. O sọ fún olórí ẹgbẹ́ yín, ọmọ kọngílá, agbaṣẹ́ṣe ilé ìwé yín. Ó ní tuntun ti tán, àwọn àlejò tó wá wo rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti jókòó, kí o fi gírísì púpọ̀ sí i, kí o má fi ojora ba ọjọ́ jẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwé náà, wọn ò tíì mọ orúkọ rẹ, Tuntun ni wọ́n ń pè ọ́. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìṣe rẹ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ mọ́. Wáyà tí ẹ fi ń tan án kúrú, ìwọ ni wọ́n ní kó lọ dúró nítòsí. Ìdérí fò, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àwọn àlejò, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀. Iná bá ọ lọ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kọngílá fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Kò sọ pé òun ni bàbá olórí ẹgbẹ́ yín, ó ní òun ń bá ilé ìwé ṣiṣẹ́. Obìnrin kan bá a wá, ó na fóònù sí mi lójú. Mo béèrè ohun tó ń fi ṣe, ó ní kí ọmọ yín lè rí yín ni. Ìwọ náà ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí, tí mo rí ojú rẹ nínú fóònù oní-ṣájà, nítorí náà mo gbà. Mo ní kó dúró ná, mo lọ bọ́jú, mo wọ bùláúsì tó dáa. Mo juwọ́ sí ọ. Mo ní ṣé o ti jẹun. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀.

Ni kọngílá bá fajú ro, ó ní ohun tí ọmọ mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Kí ni abiyamọ ń ṣe bí àlejò bá fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn ún? Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ dákun, ọmọ mi ló jẹ̀bi, olóríkunkun ni láti kékeré, wọ́n á ní kó má ṣe é, á ṣe é, ẹ bá mi nà án. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ la ń sọ ọ́ ni? Ìgbà tí ọmọ ìyá aránṣọ gé ọ jẹ, ṣebí èmi náà ni mo kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní rárá o, ìyá, ẹ dìde, ọmọ gbogbo wa ni. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá jókòó wádìí ẹni tó jẹ̀bi gan-an. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀, òun kọ́ ni ìdájọ́.

Ọkùnrin náà kò ní kí n dìde. Ó ní ṣé mo lè tún un sọ sókè díẹ̀, kí n sì dárúkọ ọmọ náà. Mo tún un sọ. Mo dárúkọ rẹ pẹ̀lú ti bàbá rẹ, orúnkún ń ro mí. Wọ́n ní ó ti tó, wọ́n gbé kúbùsù kan àti páálí wàrà sílẹ̀, wọ́n lọ. Mo dúpẹ́ títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Bàbá rẹ béèrè pé ta ló fà mí dìde. Mo ní èmi ni mo dìde fúnra mi. Ó wúkọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sínú fóònù: Màmá, ẹ ṣeun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn! Mo fi han ìyá aránṣọ, mo fi han ẹni tó ń kọjá, mo ní ẹ wo ọmọ tó mọ oore, ó rí mi, ó sì dúpẹ́. Oní-ṣájà nìkan ni kò bá mi yọ̀. Ó ní ìyá, kí lẹ ṣe fún un? Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó pa rédíò rẹ̀. Ó ní fóònù tí wọ́n nà sí mi kò gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan, ṣe ló kó ohùn mi pa mọ́. Mo ní irọ́ ni, mo kúkú juwọ́. Àfìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá pè mí, tó ní wọ́n gbé àwòrán mi, tòun ti ohùn mi, sára ògiri níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwé, wọ́n ní ẹ gbọ́, ìyá tó bí i ló sọ ọ́. Ó ní gbogbo wọn yíjú sí ọ, o kò sì lanu. Wọ́n ti ní kí o jáde nínú ọgbà títí wọn yóò fi jókòó ìkẹyìn.

Ọmọ mi, ìtẹríba mi ni wọ́n mú, tí wọ́n fi dí ihò tí rọ́bà wọn kò lè dí. Ó ń dùn mí dé eegun. Ṣùgbọ́n mo bínú sí ìwọ náà. O ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi láti kékeré, o mọ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn. Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń sọ̀rọ̀? Àbí ìwọ náà gbà pé mo gbà wọ́n gbọ́? A ti mu díẹ̀ nínú wàrà náà kí n tó mọ̀. Ìyókù wà níbẹ̀, èèrà ń jẹ ẹ́, mi ò lé wọn. Kúbùsù náà, bàbá rẹ ní òun ò bò ó, òtútù sì ń mú un.

Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Oní-ṣájà ní báńkì ni kí o gbà fi rán an, mo ní báńkì wo, àwọn tí ìyá aránṣọ gbé owó fún kí wọ́n bá a tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń bù nínú rẹ̀ pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀? Fi rán awakọ̀ sí mi.

Mo sì mọ̀ pé o lè má fi ránṣẹ́. Nítorí náà mo ti bá awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ìlú yín sọ̀rọ̀. Mo ní kó gbé mi, ọmọ mi ni yóò san án ní gáréèjì. Ó ní bí ọmọ kò bá wá ńkọ́? Mo ní kó má jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀. Ó ní háà, ìyá, ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ di ẹrù? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹrù tí wọn ò tíì san owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la ó gbéra. Ìjókòó iwájú ni n ó wà, o kò lè ṣì mí mọ̀. Bí ọkọ̀ bá tún kún kí o tó dé, yóò gbé mi padà, owó á di ìlọ́po méjì, ìgbìmọ̀ á sì jókòó láìsí mi.

Ọlọ́run á la ọ́ lóhùn. Ọwọ́ rẹ á san. Ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ wá sí gáréèjì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.