Ògiri Tó Dán Jù

Ajé, 1 Máàṣì 1954
Ọ̀tan-Ilé. Ògiri tí a mọ dí odò kí ìlú lè rí omi pọn parí lónìí. Ó ń dán bí àwo tánganran — èmi ni mo ní kí Sàláúdéènì, bíríkìlà tí mo mú wá láti Òṣogbo, fọwọ́ ra á títí. Omi ti kún lẹ́yìn rẹ̀. Kábíyèsí àti Àjẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí i lọ́jọ́ kẹwàá. Ètò ti tò. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo kọ́ l'Ékòó, n ò kọ́ ìjáfara.

Ìṣẹ́gun, 2
Kò sí obìnrin kankan tó pọn omi níbẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò kọjá níwájú mi lọ sódò kejì, ibùsọ̀ méjì gbáko. Mo bi Ìyá Lábíkẹ́, àgbà wọn (Adájọ́ ni mo ń pè é níbí). Ó ní ẹja kékeré kan wà, olórí pẹlẹbẹ, tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta níbi tí omi ti ń sáré. Òun ni wọ́n fi ń mọ omi tó ṣeé mu. Nígbà tí a yí omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká lè mọ ògiri, ẹja bá omi lọ sísàlẹ̀. Wọn ò ní mu omi náà àfi tí ẹja bá padà sókè.
Ẹja tí kò tó ìka mi.

Ọjọ́bọ̀, 4
Mo ní ká fi korobá bu àwọn ẹja náà, ká dà wọ́n sókè ògiri. Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, àlejò tí wọ́n fipá gbé wọlé, ṣé ó lè jẹ́rìí pé ilé dára?"


Ẹtì, 5
Inú ṣì ń bí mi.

Àbámẹ́ta, 6
Mo jókòó sísàlẹ̀ ògiri láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo rí wọn! Wọ́n ń fi àyà àti lẹbẹ gun òkúta tútù, díẹ̀díẹ̀, omi ń lù wọ́n lórí. Wọ́n dé ara símẹ́ńtì mi — yọ̀ọ̀, wọ́n bọ́. Wọ́n tún gùn. Ọ̀kan gbìyànjú nígbà mọ́kànlá. Mo sọ ọ́ ní Alágídí. N ò rántí oúnjẹ àárọ̀.
Dídán tí mo fi ń yangàn ló dínà fún wọn.

Ajé, 8
Mo ní kí Sàláúdéènì fi irin ṣíṣẹ́lì ṣá ògiri, láti ìsàlẹ̀ dókè, kó lè rí págunpàgun. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Ọ̀gá, ohun tí mo fọwọ́ ara mi ra náà lẹ ní kí n bà jẹ́? Àjẹ́lẹ̀ á ní n ò mọṣẹ́." Mo ní kó sọ pé èmi ni mo rán òun. Ó ń kùn, ó ń ṣá a. Ògiri wá rí bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná bá jà.

Ìṣẹ́gun, 9
Alágídí dé ìdajì!

Ọjọ́rú, 10
Aago mẹ́fà àárọ̀. Mẹ́ta ti wà lókè, lórí òkúta tí omi ń dà lé. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo sáré lọ kanlẹ̀kùn Adájọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò yára. Ó wẹ̀, ó wé gèlè, mo dúró — èmi. Ó bẹ̀rẹ̀ létí omi, ó wò ó pẹ́. Ó ti ìkòkò bọ̀ ọ́.
"Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọlé, Akọ̀wé."
Èmi ló kọ́kọ́ bù fún mu.
Aago mẹ́wàá ni Kábíyèsí àti Àjẹ́lẹ̀ dé wá ṣí odò. Ìkòkò àwọn obìnrin, mẹ́rìndínlógójì, ti ṣí i ṣáájú wọn.