Ẹ Má Jọ̀wọ́ Ọwọ́ Ìyá ní Mẹ́kà

Jẹ́dà, 1996

Ẹ̀gbọ́n mi Fáòsíátù,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá wa. Ikọ́ tí mo ń wú ti lọ. Yàrá mi ní Balad, àdúgbò àtijọ́ kan ní Jẹ́dà níbí, tutù, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Láràárọ̀, èmi ni mo ń kí ara mi bí Ìyá ṣe máa ń kí mi: "Àjàní, ṣé o jíire?" Èmi náà ni mo ń dáhùn.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń pín ilé fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Hájì, bíi ti ẹ̀yin àti Ìyá lọ́dún yìí. Orúkọ tí wọ́n gbé fún mi dà bí àpò nínú àpò: ìdílé wà nínú ìlú, ìlú wà nínú orílẹ̀-èdè. Mo fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Lisp kọ ètò kan. Bó bá bá àpò, á tú u. Bó bá tún bá àpò nínú rẹ̀, á tú ìyẹn náà, títí yóò fi ku orúkọ nìkan lórí ìlà kan gbọọrọ. Ọ̀gá mi, ará Íjíbítì, pàtẹ́wọ́: "Mumtaz!" Ó ní ó dára gan-an nìyẹn.

Ìgbà tí a dán an wò, ó fi ìyá kan síbí, ó fi ọmọ rẹ̀ sí òdìkejì Mẹ́kà, torí pé àpò ìdílé ti tú. Mo ní ká so ìdílé pọ̀ padà. Ọ̀gá ní ọjọ́ ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yòówù kí wọ́n pín fún yín, ẹ má jọ̀wọ́ ọwọ́ Ìyá. Màá wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ bá mi mú èlùbọ́ díẹ̀ wá. Kí Ọlọ́run má tú wa ká.

Ẹ sọ fún Ìyá pé bó bá rí mi, kó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo jíire, ì báà jẹ́ alẹ́.

Àbúrò yín,
Jamaldeen