Ta Ló Tú Ọkọ̀ Bàbá Jọláyẹmí?

Èbúté Àgbọn, létí Odò Ọya.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Nusaibah ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ọwọ́ tí o fi ń dirun àti fún ojú tí o fi ń kàwé lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé ooru Sókótó kò tíì yọ́ ọ bí òrí? Ọlọ́run tó mú Odò Ọya dúró sí àyè rẹ̀ lọ́dún yìí, tí kò jẹ́ kó wọlé wá bá wa sùn, kó mú ìwọ náà dúró. Gbogbo orí tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Gawon Nama, kó jẹ́ orí olówó, kí irun ibẹ̀ sì pọ̀. Àmín. A wà dáadáa nílé. Èmi ń jẹun, bàbá rẹ náà ń jẹun, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kan wà láàárín tí bàbá rẹ kò jẹ oúnjẹ mi, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mú bírò. Fara balẹ̀ kà á. Màá ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, bí mo ṣe máa ń kọ́ ọmọ tuntun ní iṣẹ́ àwọ̀n, tí ojú kan kì í ṣáájú èkejì.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti fọ́ọ̀mù ìdánwò. Yahya tó ń lẹ táyà ní Kasuwar Kara gbé e dé láìrún, mo sì ti kọ ibi tí wọ́n ní kí òbí kọ. Wọ́n fa ìlà yí ibì kan ká, ó kéré bí ilé èèrà, wọ́n ní kí n kọ àìlera ọmọ mi síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀wà máa ń kùn nínú rẹ, kí wọ́n má gbé ọ jókòó ti ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín. Àyè kò gbà á tán, ni mo bá kọ ìyókù yí etí ìwé ká bí a ṣe ń parí etí àwọ̀n, pé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin o jábọ́ lórí àga, ṣùgbọ́n kò ṣe orí rẹ ní nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ní kí á lẹ fọ́tò mọ́, mo lẹ èyí tí èmi àti bàbá rẹ yà níbi ìsọmọlórúkọ rẹ, kí wọ́n lè mọ̀ pé o ní ẹni.

Ó wá ku ti ìwé ìtàn tí o ń kà fún ìdánwò náà, ti ọmọkùnrin aláìgbọràn ìlú etí odò. O ní olùkọ́ yín ní Gagi sọ pé ẹni tó bá lè fi èdè ilé sọ ìwé kan fún ìyá rẹ̀, ìwé náà ti yé e, ìdí nìyẹn tí o fi ń sọ orí kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi. Olùkọ́ yẹn gbọ́n. Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà tán. Fọlákẹ́ aládùúgbò wa ní ohùn kì í tán, pé mo lè gbọ́ ọ nígbà ogún. N kò bá a jiyàn, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí i: bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ díẹ̀, iná fóònù á dín kù, bí mo bá gbọ́ ọ púpọ̀, iná á kú. Kí ló wá ń tán bí kì í bá ṣe ohùn rẹ? Nítorí náà, ìwọ̀n ṣíbí kan ni mo ń gbọ́ lójúmọ́ bí oògùn ikọ́, n kò sì fi lọ bàbá rẹ.

Ohùn ọjọ́ Àlàádì ló dá wàhálà sílẹ̀. O ní ọmọ inú ìwé náà kò mọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un, olùkọ́ sì ń gbé òdìkejì odò, ni ọmọ náà bá lọ tú ọkọ̀ tó ń kó èrò sọdá, kí olùkọ́ má lè wá. Mo ń rẹ́rìn-ín. O wá ní okùn ọkọ̀ náà tutù, kókó rẹ̀ le, kò gbọ́ ti ọwọ́, àfi ìgbà tí ọmọ náà ki eegun ẹja bọ inú rẹ̀. Nusaibah, abẹ́rẹ́ àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ọ, nítorí ẹ̀yin ará Sókótó, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń so ìyẹn mọ́ èèkàn. Odò yín tí mo rí nígbà tí mo wá kí ọ, ẹsẹ̀ ni mo rí tí ewúrẹ́ fi ń là á kọjá. Okùn gbígbẹ máa ń gba ìpẹ̀. Okùn tó bá ti mumi máa ń wú, kókó rẹ̀ á sì di òkúta. Èékánná kò ràn án. Ọ̀bẹ á gé e, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ènìyàn ló gé e. Eegun apá ẹja àrọ̀ nìkan ló tẹ́ẹ́rẹ́, tó le, tó sì tẹ̀ díẹ̀, tó lè gba abẹ́ kókó wọlé láì já okùn. Ìyá mi ló fi hàn mí, ìyá tiwọn ló sì fi han àwọn náà. Báwo ni ẹni tó kọ ìwé yẹn ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹnìkan ló sọ fún un. Ẹni tó sì lè sọ fún un ni ẹni tó rí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, tó rí mi. Èmi ìyá rẹ ni mo tú ọkọ̀ Bàbá Jọláyẹmí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Àfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú ń gbé òdìkejì odò, ó yẹ kí n ka súrà kan fún wọn láìwo ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì mọ̀ kọjá ìlà mẹ́rin. Mo ki eegun bọ kókó, mo tú u, mo fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ lọ. N kò mọ̀ pé ewúrẹ́ Bàbá Jọláyẹmí ń sùn nínú rẹ̀. Ó jí, ó dìde, ó dúró sí iwájú ọkọ̀ bí ọba tó ń lọ kí ìlú, ó ń ké mẹ̀ẹ́ẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òun àti ọkọ̀ ní abúlé mìíràn, oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ló bí méjì. Ìwọ ní àkùkọ ló wà nínú ọkọ̀ ti inú ìwé. Mo rò ó títí, mo ní ẹni tó kọ ọ́ sọ ewúrẹ́ di àkùkọ láti fi bò wá láṣìírí ni. Ó tún sọ obìnrin di ọkùnrin. Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n nà. Sàídù ni wọ́n bá létí odò, ọmọ ọdún méjìlá, tó dúró ti èèkàn tí okùn kò sí lára rẹ̀ mọ́. Bàbá Jọláyẹmí bi í bóyá òun ni. Ó ní òun ni. Wọ́n fún un ní pàṣán mẹ́fà. Sàídù yìí ni bàbá rẹ. Má bínú pé mo ń pè wọ́n ní ó, ọmọdé ni wọ́n lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo èbúté ti ń pè wọ́n ní Atúkókó. Ìwọ rò pé nítorí pé wọ́n ń parí ìjà fún àwọn ènìyàn ni? Ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjà ló tẹ̀ lé e. Èmi wá rò láti ọdún mẹ́rìnlélógójì pé bàbá rẹ rí mi lọ́jọ́ náà, pé pàṣán mi ni wọ́n gbà sẹ́yìn ara wọn. N kò béèrè. Orí ẹja tó tóbi jù ni mo máa ń bù sí ọbẹ̀ wọn.

Ní ìparí ohùn rẹ ni o wá ka ìbéèrè tí wọ́n lè bi yín: Ta ni ó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà? Fi ẹ̀rí ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn. O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa gba fóònù yín lẹ́nu ọ̀nà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, pé ẹnìkan á máa rìn káàkiri, á máa wo ojú yín, pé wọ́n á di ìdáhùn yín sínú àpò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí. Nusaibah, ilé-ẹjọ́ wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ? Wọ́n fẹ́ fi ọmọ jẹ́rìí ta ko ìyá rẹ̀. Bí o bá purọ́, o dẹ́ṣẹ̀. Bí o bá sọ òótọ́, ẹnu ìjọba ni bàbá rẹ á ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo pinnu láti jẹ́wọ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Mo se ẹja, mo bu omi, mo kúnlẹ̀. Mo ní Bàbá Nusaibah, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo tú ọkọ̀ yẹn. Bàbá rẹ gbé òkèlè sílẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ wo. Mo ní ọkọ̀ Bàbá Jọláyẹmí. Wọ́n ní kí n má fi ìyẹn ṣeré o, àwọn ni àwọn tú ọkọ̀ Bàbá Jọláyẹmí. Wọ́n ní àwọn náà kò mọ súrà, pé lẹ́yìn ìrun Àílà ni àwọn jókòó ti kókó yẹn, tí àwọn fi èékánná họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, àwọn wá lọ mu omi nílé, ìgbà tí àwọn sì máa padà dé, ọkọ̀ ti lọ, àwọn mọ̀ pé omi ló bá àwọn parí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gba pàṣán ẹnikẹ́ni rù, pàṣán tiwọn ni, àwọn ṣiṣẹ́ fún un. Èmi tí mo ti ń fi orí ẹja san án láti ọdún mẹ́rìnlélógójì!

Bàbá rẹ bínú, kì í ṣe nítorí pàṣán, orúkọ wọn ni wọ́n ní mo fẹ́ gbà. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn lọ kó gbogbo èbúté jọ sí mọ́ṣáláṣí, kí àwọn sọ pé ìyàwó àwọn ni Atúkókó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi fẹnu kan oúnjẹ mi, búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ. Tọkọtaya kan tó ń jà wá bá wọn, bàbá rẹ ní kí wọ́n máa jà lọ, pé àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan mọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹja.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé okùn wá. Ọkọ Fọlákẹ́, tó ń wa ọkọ̀ èrò lónìí, rẹ okùn méjì sínú omi, ó so wọ́n mọ́ igi máńgòrò wa, ó ta kókó ọlọ́kọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò péjọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú tirẹ̀ ló tú ọkọ̀. Èmi mú eegun àrọ̀ mi. Bàbá rẹ ní àwọn kò fẹ́ eegun, ohun tí àwọn bá wá sáyé ni àwọn máa lò. Ká tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, eegun mi ti gba abẹ́ kókó, ó ku ìyí kan ṣoṣo. Mo yí ojú wò wọ́n. Bàbá rẹ ti kúnlẹ̀, wọ́n ti fi eyín tó kù di okùn mú, fìlà ti ṣubú, awò ojú wọn ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ fọ́, omi okùn ń kán ní irùngbọ̀n wọn, wọ́n sì rí bí ọmọ ọdún méjìlá tí kò mọ súrà. Ni eegun bá bọ́ lọ́wọ́ mi sínú iyanrìn. Mo ń wá a. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń hun àwọ̀n, nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ mi, àfi abẹ́rẹ́ ọjọ́ Àlàádì yẹn. Mo wá eegun náà pẹ́. Mo wá a dé ibi tí kò lè sí. Kókó bàbá rẹ tú, gbogbo àgbàlá hó, wọ́n ń ké Atúkókó, Atúkókó, àwọn adìyẹ sá wọ ilé.

Bàbá rẹ jẹ oúnjẹ tiwọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ tèmi. Wọ́n ní àwọn dárí jì mí pé mo fẹ́ gba ohun olóhun. Tọkọtaya yẹn padà wá láàárọ̀, bàbá rẹ sì parí ìjà wọn kí ẹ̀kọ tó tutù.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Awò ojú bàbá rẹ tó fọ́, ìdì òwú àwọ̀n kan, àti iná tí mo lè fi kún fóònù kí ohùn rẹ má baà tán. Jọ̀wọ́ má gba báǹkì. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ sanwó lọ́jà kó owó gbígbó lé mi lọ́wọ́. Mo ní ọmọ mi kì í fi irú èyí ránṣẹ́, kó wá tèmi nísàlẹ̀ àpótí. Ó ní Sókótó jìnnà, ọ̀nà ló gbó o. Nítorí náà, di í sí ọ̀rá kí Yahya gbé e wá. Ẹja gbígbẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ, odindi méje, ó sì ti búra ní wallahi pé òun kò ní tọ́ ọ wò. Ka ẹja náà. Ṣùgbọ́n má tíì fi owó awò ránṣẹ́ títí o fi máa ya lẹ́tà yìí, nítorí àìsí awò náà ni n kò fi ní láti fi í pamọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bàbá rẹ jókòó tì mí, wọ́n ní kí n kí ọ.

Níbí, bàbá rẹ ló tú ọkọ̀, n kò sì fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu rẹ bí o bá wálé Iléyá. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í yọjú wo ìwé ẹlòmíràn, orúkọ mi ni kí o kọ. Eegun àrọ̀ ni ẹ̀rí. Kí o sì tún ewúrẹ́ yẹn ṣe fún wọn, pé kì í ṣe àkùkọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí kókó ayé rẹ le ju èékánná rẹ lọ, ohun tí o bá dáwọ́ lé, omi á bá ọ parí rẹ̀.

Ohun kan ló kù, n kò tíì sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo ki eegun bọ kókó Bàbá Jọláyẹmí, ó wọlé wẹ́rẹ́, ju bó ṣe yẹ kó wọ okùn tútù lọ. Mo tún rí i pé okùn náà pọ́n díẹ̀. Mo rò lọ́jọ́ náà pé ẹ̀jẹ̀ ẹja ni. Nítorí náà, máàkì tí wọ́n bá fún mi, bá mi bu ìdajì rẹ̀ fún bàbá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàjàrá aláwọ̀n.