Ìwé tó Jábọ́ Nínú Awọ Ìkírun Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mi ò tíì fi yàrá yín háyà fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń wá yàrá kiri ní Jikwoyi níbí bí ẹni ń wá omi. Bílíkísù ọmọ mi, tí ẹ máa ń fún ní dàbínù ní kọ̀rọ̀, ló ń sùn níbẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Yorùbá rẹ̀ kò kúrò níbi tí ẹ fi í sí: ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, òyìnbó ló fi ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá.

Awọ àgbò tí ẹ fi ń kírun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń sá a sóòrùn lórí wáyà lẹ́yìn ilé, torí bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, agbára mi ò ká irú rẹ̀ mọ́. Lánàá, bí mo ṣe tú u, ìwé kan jábọ́ nínú rẹ̀. Àwòrán ló kún inú rẹ̀, dúdú àti funfun, ọ̀rọ̀ òyìnbó díẹ̀díẹ̀ nínú ohun róbótó lókè orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ojú wọn tóbi bí ojú màlúù. Ìwé olówó ni. Èmi tí mò ń ta bàtà ọmọ iléèwé lọ́jà Kàrú, bí mo bá ti fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń mọ̀. Ta ló ń ra irú èyí fún ọmọ mi? Kí ló dé tí kò sí nínú báàgì rẹ̀? Nínú gbogbo ilé, kí ló gbé e dé inú awọ yín?

Mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí i. Wọ́n ń sunkún lórí sàréè. Mo tún ṣí i, bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti pa ojú dé. Mo ṣí òmíràn, ó lajú. Ó jókòó, ó ń mu ọbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti gun kẹ̀kẹ́, ó gbé ọmọbìnrin kan sẹ́yìn, wọ́n ń lọ síléèwé. Bí mo ṣe ń ṣí i ni irùngbọ̀n bàbá náà ń dúdú, tí ọmọ náà ń kéré sí i.

Àkúdàáyà ni. Ẹni tí wọ́n sin, tó dìde, tó lọ ń gbé ayé mìíràn bíi pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Inú awọ ìkírun yín ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ sọ fún mi, Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n rò?

Èédú ti ràn nínú àdògán. Mo gbé ìwé náà lọ síbẹ̀. Bí Bílíkísù ṣe wọlé nìyẹn, Yorùbá ló sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Káì, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o. Ti Hàdízà ni."

"Hàdízà wo?"

"Èyí tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì. Àǹtí rẹ̀ ló ń rà á fún un. Gbogbo wa là ń yá a kà."

"Àǹtí, àbí àǹkù?"

"Àǹtí ni, Mọ́mì."

"Kí ló dé tí òkú fi ń dìde nínú rẹ̀?"

Ó gba ìwé náà, ó yí i padà. "Ìparí lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù ló ṣe é. Bí ìwé kéú Bàbá Álífà ni wọ́n ṣe ń ṣí i, láti ọwọ́ ọ̀tún."

Bàbá, ẹ̀yin ló ń pè ní Bàbá Álífà, èmi ló sì wá ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí ìwé. Èmi tí ẹ fi igi tọ́ sọ́nà lórí wàláà, láti ọ̀tún lọ sí òsì, kí n tó mọ ẹnu ọ̀nà iléèwé òyìnbó. Pírámárì lásán ló gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ yín, tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé láti òsì.

A jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ́ ọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bàbá àgbà kan ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Ọmọ ń dàgbà, ó ń rẹ bàbá. Ó dùbúlẹ̀. Ó kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Inú awọ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Bàbá inú rẹ̀ jọ Bàbá Álífà," ló wí. Kò wo ojú mi.

Mi ò tíì gbàgbọ́ tán o. Lọ́la, bí mo bá ń lọ sọ́jà, màá yà nílé àwọn Hàdízà, màá fi ojú ara mi rí àǹtí yẹn. Ìwé yòówù tó bá tún yá, ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ gbà kọjá. Ṣé mo ṣe jù? Ẹ̀yin náà máa ń gbọ́n àpò wa wò.

Nírọ̀lẹ́ yìí, Bílíkísù lọ pe màì-rúwà kó gbé omi wá fún wa. Mo mú ìwé náà lórí tábìlì. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á báyìí. Síbẹ̀, apá òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi sàréè. Mo rọra ń ṣí i. Àwọn tó ń sunkún lọ sílé. Ó lajú. Ó jókòó. Ó mu ọbẹ̀ rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ rọra máa lọ, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń sá awọ yín sóòrùn.