Ìbéèrè Kan Lójúmọ́

Ọjọ́ Alàmísì, ìrọ̀lẹ́

Tóyọ̀sí tá a jọ ń gbé yàrá ń fu mí lára. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń bi mí ní ìbéèrè kan lójúmọ́. Ṣé mò ń sùn? Ṣé mò ń rí oúnjẹ jẹ? Ṣé ayé ò sú mi? Àṣé inú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa fi yẹ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà wò ló ti ń mú un!

Ta ló rán an sí mi? Bí dókítà tó ń kọ́ wa bá gbọ́, wọ́n lè ní kí n lọ fi ọdún kan sinmi nílé. Gbogbo agboolé wa á máa sọ pé ìwé ti dà mí lórí rú. "Dáadáa ni" ni mò ń dá a lóhùn ṣáá.

Lónìí tó tún bẹ̀rẹ̀, níbi tá a ti ń bó iṣu, inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ìwọ ń sùn?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò sùn láti oṣù tó kọjá."

Lọ́la, a jọ ń lọ bá dókítà tí mò ń sá fún yẹn ni.

Ẹni bá bi ni pé ṣé àlàáfíà ni, à á bi òun náà padà. Ọmọ kékeré ní Ẹdẹ ìlú wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Tóyọ̀sí fi dúró dè mí kí n bi òun náà.